Ìbéèrè Yín: Kí ló dé tí rélùwéè fi pòórá nínú máàpù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Nebraska l'Ámẹ́ríkà, níbi tí gbogbo ilẹ̀ ti jẹ́ pápá lọ rẹrẹ. Ó fi máàpù àtijọ́ méjì ti ìlú náà ránṣẹ́ sí mi. Rélùwéè wà nínú àkọ́kọ́, ilé ìwé kéékèèké náà wà káàkiri inú oko, kò sì sí wọn nínú èkejì. Èwo ló parọ́? Ṣé a lè rí irú ẹ̀ fún Kétu wa? — Ìyá Ràfíátù, Kétu

ÌDÁHÙN: Ìyá Ràfíátù, ẹ kú ìbéèrè. Kò sí èyí tó parọ́ o. Ohun tí àwọn tó wọn ilẹ̀ bá nílẹ̀ lọ́dún yẹn ni wọ́n yà. Nígbà tí ọkọ̀ àti tírélà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè, ọ̀pọ̀ ojú irin kéékèèké tó wọnú pápá yẹn ni wọ́n hú kúrò, oko ń tóbi sí i, èèyàn ń dín kù, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ ilé ìwé oko lọ sí ti ìgboro.

USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ya àwọn máàpù yẹn, láti 1884 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti kó àwọn èyí tí wọ́n tẹ̀ títí di 2006 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, topoView ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí àbúrò yín ṣáà tẹ orúkọ ìlú ẹ̀ síbẹ̀.

Ìlà búráùn tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, gíga ilẹ̀ ló ń sọ. Tí wọ́n bá fún pọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, tí wọ́n bá jìnnà síra, ó tẹ́jú. Níbi tí ìlà bá ti ṣẹ́ bíi V, ojú omi ni, ṣónṣó V yẹn ló kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kódà tí odò ọ̀hún bá ti gbẹ. Ilé tó ní àsíá kékeré lórí, ilé ìwé ni. Ohun tó bá ní àwọ̀ àlùkò, fọ́tò tí bàálù yà ni wọ́n fi fi í kún un lẹ́yìn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ máàpù dáadáa, torí ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ti ìwọ̀n ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ti Kétu wá ńkọ́? Ó wà. Àwọn Faransé ya Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí, ní 1/200 000, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà 2, ẹ ò lè rí agboolé yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí abúlé, ọ̀nà àti odò. Ẹ béèrè ní IGN, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Benin, ní Kútọnu, ẹ sì wo Gallica ti ilé ìkàwé ìjọba Faransé, àmọ́ Kétou ni kẹ́ ẹ tẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ohun kan ló ń dùn mí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ọba Dahomey ti fọ́ Kétu ní 1886, ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, olú ìlú ọba náà, làwọn èèyàn tó padà wá tún un tẹ̀ dó, nítorí náà ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni àwọn Faransé bá, kì í ṣe Kétu ayé àwọn bàbá wa. Tẹ́nikẹ́ni bá na máàpù sí yín pé àdúgbò kan ò sí tẹ́lẹ̀ torí kò sí nínú bébà, ẹ má gbà fún un rárá. Ẹ tẹ máàpù yẹn síta fẹ̀fẹ̀, ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Akaba Idẹna, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, kẹ́ ẹ máa béèrè orúkọ odò kọ̀ọ̀kan àti oko kọ̀ọ̀kan, kẹ́ni tó mọ̀wé kọ ọ́ sí i bí wọ́n bá ṣe pè é, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n sọ ọ́.