Ẹ Bi Wá: Ta Ló Kọ́kọ́ Lu Ohun Ogun ní Gbàǹjo?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó ja ogun Bọ́mà, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ oníràwọ̀ kan sílẹ̀ fún wa. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan láti Èkó wá bá wa pé òun fẹ́ rà á, nítorí pé wọ́n ń lu irú rẹ̀ ní gbàǹjo ní ilẹ̀ òyìnbó. Ta ló kọ́kọ́ sọ irú nǹkan báyìí di ọjà, kí ló sì yẹ kí a ṣe? — *Òǹkàwé yín, Òkèfìà, Òṣogbo.*

Ìdáhùn: Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó di iṣẹ́ àwọn oníṣòwò. Àwọn ará Òṣogbo mọ ohun tí ìkógun jẹ́, nítorí ìlú yìí ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ìjòyè ogun ló sì máa ń pín ìkógun nígbà náà. Ní ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọn a kó ìkógun jọ, wọn a tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù, wọn a sì pín owó náà gẹ́gẹ́ bí ipò kálukú. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Etiópíà ní oṣù kẹrin ọdún 1868, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Ọba Tewodros, tó sì pa ara rẹ̀ ní orí òkè Maqdala. Ìtàn sọ pé erin 15 àti ìbaaka bí 200 ló ru ẹrù náà lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Dalanta, níbi tí wọ́n ti fi ọjọ́ méjì lu adé, asà àti ìwé àfọwọ́kọ ní gbàǹjo. Owó tó wọlé tó 5,000 pọ́n-ùn, Richard Holmes tí British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, rán tẹ̀ lé wọn sì wà lára àwọn tó rajà jù. Ó dùn mí pé àwọn tó ni nǹkan kò sí níbi tí wọ́n ti ń ná an. Irú ìyà kan náà ló jẹ Bìní ní ọdún 1897, tí ilé gbàǹjo Stevens ní Lọ́ńdọ̀nù fi wà lára àwọn tó ta ìkógun ibẹ̀.

Àwọn tó ń kó ohun ogun jọ nítorí ìfẹ́ ìtàn ti wà ṣáájú ìgbà náà. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ogun Waterloo ti ọdún 1815, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, tí òǹkọ̀wé Walter Scott fi dé ojú ogun náà, tó sì ra ẹ̀wù irin àwọn ọmọ ogun Faransé. William Bullock san 2,500 pọ́n-ùn lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Napoleon, ó sì ń gba owó ìwòran lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan, Francis Bannerman, ra àwọn ohun ìjà tí ìjọba kò nílò mọ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, ó sì fi ìwé àkójọ ọjà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Ọjà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ra odindi erékùṣù kan lórí odò Hudson ní ọdún 1900 láti kó o sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ti bàbá yín. Lára àmì ẹ̀yẹ ogun àgbáyé kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fín nọ́ńbà àti orúkọ ológun sí etí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fín orúkọ sára ìràwọ̀ Bọ́mà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun wa nítorí ogun àgbáyé kejì. Ìdí nìyí tí ìwé iṣẹ́ ológun, fọ́tò inú aṣọ sójà tàbí lẹ́tà bàbá fi ṣe pàtàkì ju irin náà lọ: àwọn ló ń sọ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ti yà á kúrò lára wọn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ti ìdílé yín ni. Ẹ kọ orúkọ bàbá, nọ́ńbà wọn àti ẹgbẹ́ ogun wọn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ Dífíṣọ̀n 81 tàbí 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ja ogun Bọ́mà, kí àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà tó lọ. Ní tèmi, ń kò ní tà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ má ta ìràwọ̀ náà láìsí ìwé rẹ̀, ẹ má sì fi eérú bó o kí ó lè dán, nítorí àwọn tó mọyì rẹ̀ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti ha lára.