Mo jẹ gbèsè, àdúrà há sí mi lọ́fun

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ọ̀rẹ́ mi kó àjọ, ó ní kí n bá òun tọ́jú owó náà, ₦180,000. Mo fi ra ọjà láìsọ fún un, ọjà ò sì tà. Bó bá ti béèrè, irọ́ ni mò ń pa. Látìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀, àdúrà á kàn há sí mi lọ́fun ni. Wòlíì kan ló ń bá mi gbà á báyìí, mò ń fún un ní ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ṣì lè gbọ́ tèmi? Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.*

Ìyá Ìbejì, lẹ́tà rẹ bí mi nínú. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí o, wòlíì yẹn ni. ₦5,000 lọ́sẹ̀, lọ́wọ́ onígbèsè! Má fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Kò burú kí èèyàn bá èèyàn gbàdúrà, ojoojúmọ́ là ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í gbowó. Alárinà kan ṣoṣo ló wà láàárín Ọlọ́run àti èèyàn, Jésù ni, kì í sì í dá owó lé wa.

Ìwọ rò pé àfi kí o kọ́kọ́ mọ́ kí o tó lè dé ọ̀dọ̀ Baba. Hébérù 4:16 ní ká fi ìgboyà wá síbi ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́, ká lè rí àánú gbà. Àánú kẹ̀! Ta ló ń wá àánú bí kò ṣe ẹni tó ṣẹ̀? Agbowó òde inú Lúùkù 18 ò lè gbójú sókè, òkèèrè ló dúró sí, ó ń lu àyà, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú òun ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló gba ìdáláre lọ sílé.

Bí ohùn ò bá tiẹ̀ jáde ńkọ́? Ètè Hánà nìkan ló ń mì nínú 1 Sámúẹ́lì, Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó ni, síbẹ̀ Ọlọ́run gbọ́ ọ. Hánà yìí náà ni wọ́n sọ ìyá Àjàyí Crowther nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un níbí ní 1848. Wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní 1821, ó di 1846 kí wọ́n tó fojú kanra l'Abẹ́òkúta. Ìwọ tí o bí ìbejì, o mọ irú ẹkún tí abiyamọ ń sun tí ará ilé ò ní gbọ́.

Ṣùgbọ́n má fi àdúrà sá fún ọ̀rẹ́ rẹ. Mátíù 5:23-24 ní bí o bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, kí o lọ bá a làjà ná. Àwọn kan á ní kí o san gbogbo rẹ̀ tán kí o tó gbàdúrà. Èmi ò gbà. Lálẹ́ òní, sọ ọ́ bó ṣe rí: "Baba, mo ná owó ọ̀rẹ́ mi, mo sì ń parọ́ fún un."

Tó bá di ọ̀la, lọ bá a nílé, má ṣe é ní ìsọ̀ (etí pọ̀ ní Ìtòkú). Jẹ́wọ́, kó o wá fi ₦5,000 wòlíì bẹ̀rẹ̀ sísan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 36 ni, kò tó ọdún kan. Bó bá bú ọ, dákẹ́. Má sọ fún un pé Ọlọ́run ti dárí jì ọ́, owó rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Mú ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dání bí o bá ń lọ.