Irun ni kò lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó dì í

Ẹni tó béèrè pé kí ni orúkọ irun dídì tí wọ́n ń pè ní kòlẹ́sẹ̀ túmọ̀ sí, ẹ ṣeun, àmọ́ ìdáhùn tẹ́nì kan kọ́kọ́ fún yín yẹn bí mi nínú. Ó ní torí kí ọmọbìnrin má baà rin ìrìnkurìn ni wọ́n ṣe ń dì í fún un, pé "kò lẹ́sẹ̀" tó máa fi jáde. Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ irun, ọwọ́ onídìrí ni kẹ́ẹ máa wò. Ìyá màmá mi ló ń dirí fún wa, orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fi itan méjèèjì há mi mọ́lẹ̀, wọ́n á fòòyà la irun, wọ́n á fi àdí pa á, wọ́n á wá máa dì í láti iwájú lọ sẹ́yìn. Tó bá wá kan ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, níbi tí irun wínníwínní wà yẹn, ibẹ̀ ló máa ń ta mí jù, wọn ò ní jẹ́ kí ìkankan yọ ìrù, wọ́n á ká gbogbo ẹ̀ wọnú mọ́ ara wọn, tẹ́ẹ bá fọwọ́ pa mí lọ́rùn ẹ ò ní bá nǹkan tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó yẹ kí irun ní, kò sí ńbẹ̀. Òun ni kòlẹ́sẹ̀. Tí mo bá sì mirí pẹ́nrẹ́n, òòyà á ti dún lágbárí mi, kọ́!

Bí irun pàtẹ́wọ́ náà ṣe rí nìyẹn, tọ̀tún tòsì á pàdé láàárín orí. Kódà àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, Samuel Johnson nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921 ní bí wọ́n ṣe ń la orí wọn ló bí orúkọ yẹn. Ẹ má bi mí ní irun kojúsọ́kọ o, ọkọ ni orúkọ tiẹ̀ ń wò, kì í ṣe ọwọ́ onídìrí, òun nìkan ló fẹ́ ba àlàyé mi jẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ṣì mọ̀ wọ́n? "All back" ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ àbúrò mi dirí dé, ó ní kòlẹ́sẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àtáṣímẹ́ǹtì ẹ̀ ń gbálẹ̀ ìdí. Mo ní ìyá mi, èyí ò lẹ́sẹ̀ kẹ̀, tó ní igba ẹsẹ̀ bí ọ̀kùn?