Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka kò lè sọ bóyá èèyàn ní jẹjẹrẹ

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, dókítà. Màmá mi, ẹni ọdún 58, rí kókó lọ́mú òsì, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ọsibítù ní kí wọ́n wá ṣe biopsy, ìyẹn kí wọ́n mú ẹran díẹ̀ nínú kókó yẹn láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹnìkan wá gbé ẹ̀rọ kan wá sí àdúgbò wa, á gún ìka, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré, láàárín ìṣẹ́jú méjì á sọ bóyá jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní chip tí wọ́n ń lò l'Amẹ́ríkà ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ká ṣe ìyẹn dípò biopsy?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí yín, sí àwọn tó ń fi ẹ̀rù àwọn ìyá wa pawó ni.

Chip yẹn wà lóòótọ́. Lọ́dún 2007, àwọn Mehmet Toner àti Daniel Haber ní ọsibítù Massachusetts General ní Boston gbé ọ̀kan jáde, kò ju gíláàsì tí a máa ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí lábẹ́ maikirosikóòpù lọ, òpó tíntìntín 78,000 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fi áńtíbọ́dì, èròjà tó ń di sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mú, ra gbogbo wọn lára, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn kọjá, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á lẹ̀ mọ́ òpó, ìyókù á bá tiẹ̀ lọ. Àwọn míì wà tó jẹ́ bí ajọ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń tóbi ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán kan yẹn ni irọ́ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, sẹ́ẹ̀lì pupa tó bílíọ̀nù márùn-ún, ti funfun jẹ́ mílíọ̀nù mélòó kan. Ti jẹjẹrẹ ńkọ́? Kódà lára ẹni tí tiẹ̀ ti tàn káàkiri, ó lè má ju ẹyọ kan sí mẹ́wàá lọ, ìgbà míì wà tí a ò ní rí ẹyọ kan. CellSearch, àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, fọwọ́ sí l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, mílílítà 7.5 ló ń gbà, tí wọ́n bá rí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ẹ̀ ti tàn, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Mílílítà 7.5 tó bí ẹ̀kán 150. Sẹ́ẹ̀lì 5 nínú ẹ̀kán 150! Ó kéré tán, ẹ̀kán 145 ni kò ní ní nǹkankan nínú. Ẹ̀kán tó bá fà lórí ìka màmá yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òfìfo ni, á wá ní "màmá, ara yín le", màmá á lọ sílé, kókó á sì máa dàgbà níbẹ̀.

Ti ìṣẹ́jú méjì náà ò ṣeé gbọ́. Chip Boston yẹn, mílílítà kan sí méjì ló ń kọjá nínú ẹ̀ ní wákàtí kan, torí tí wọ́n bá tì í kíákíá sẹ́ẹ̀lì ò ní ráyè lẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ṣì máa pa á láró, kí èèyàn tó jókòó ti maikirosikóòpù.

Ojúlówó ẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tí màmá yín nílò ló ń ṣe. Ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ tó ti tàn ni CellSearch wà fún, láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ sí. Kókó lè jẹ́ jẹjẹrẹ kí ẹ̀jẹ̀ má sọ nǹkankan. Ẹran díẹ̀ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ mú nínú kókó yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Mi ò tíì yẹ màmá yín wò, mi ò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni o, ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹ mú wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ, wọ́n á fún wọn lábẹ́rẹ́ tí á pa ojú ibẹ̀ kú kí wọ́n tó ṣe é. Tí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ fún dókítà wọn ṣáájú.