Kí oògùn tó dé: káńsù, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti owó oúnjẹ ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó béèrè pé ta ló ń tọ́jú oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní England láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, nígbà tí kò tíì sí oògùn, ìbéèrè yín kàn mí gan-an. London ni ikọ́ náà ti mú mi, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìwòsàn, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó ṣe é ṣáájú mi.

Káńsù ni. Òfin 1911 kọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń san owó adójútòfò ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìyàwó àtọmọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Òfin 1921 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù ńlá láti pèsè ìtọ́jú fún àwọn ará àdúgbò wọn. Aláìsàn á lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ìyẹn ilé ìwòsàn kékeré fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n á yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, nọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ lé e délé, á wo yàrá tó ń sùn àti àwọn tí wọ́n jọ ń sùn, á ní kí wọ́n wá ṣàyẹ̀wò. Dókítà Robert Philip ló ti fi irú ètò yìí lélẹ̀ ní Edinburgh, ní Scotland, láti 1887. Nọ́ọ̀sì tèmi náà, bó ṣe wọlé ló ṣí fèrèsé, ó kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, ó wá bi mí bóyá ìtọ̀ mi ti pọ́n bí ọsàn, torí bẹ́ẹ̀ ni rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣe ń sọ ọ́ dà.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn mìíràn lọ sí sanatorium, ilé ìtọ́jú tí oníkọ́ ẹ̀gbẹ ti ń sùn fún oṣù púpọ̀: bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé tí wọn kì í tì, àní nígbà òtútù, pẹ̀lú mílíìkì, ẹyin àti ìsinmi. Dókítà lè ki abẹ́rẹ́ bọ àárín egungun ìhà, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àyà kí ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn lè sọ̀, kó sinmi. Ara á fa afẹ́fẹ́ náà mu, wọ́n á tún un fẹ́, léraléra. Kò sí èyí tó ń pa kòkòrò náà nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Baálé tó bá lọ sùn sí sanatorium fún oṣù pípẹ́, ta ni yóò san owó ilé? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn kan fi àìsàn pamọ́ títí ó fi bàjẹ́, àwọn kan kúrò kí ara wọn tó yá, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó yé mi. Oògùn mi, ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ènìyàn ní England, títí kan ẹni tí kò ní ìwé. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń fọ ọ́fíìsì lálẹ́ kò san kọ́bọ̀ fún ọjọ́ tí n kò bá wá. Ìrẹsì àti ẹ̀wà táwọn ará ìjọ ń gbé wá ni kò jẹ́ kí n pa oògùn tì.

Lójú tèmi, dókítà Pendrill Varrier-Jones ló lóye àìsàn yìí jù nígbà náà. Ní 1918, ó kó àwọn aláìsàn lọ sí abúlé Papworth nítòsí Cambridge, àwọn ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe àpótí àti àga, wọ́n ń gbowó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n abúlé kan kò lè gba gbogbo wọn. Ó di 1943, ogun ti tún dé, kí ìjọba tó máa fún ẹbí aláìsàn lówó ìgbọ́bùkátà, kìkì àwọn tí wọ́n retí pé yóò tún lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì fún.

Ẹ̀gbọ́n yín tẹ́ ẹ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Birmingham, ẹ ní kó sọ ọ̀rọ̀ owó ilé fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ báyìí, kó má dúró dìgbà tí gbèsè bá pọ̀.