Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Níwájú Kíláàsì ní Yunifásítì Tuntun

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ wọ kíláàsì ní yunifásítì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín síṣẹ́, àti pé ẹ kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo kí yín kú oríire. Ẹ ní ojú ń tì yín nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ kò ṣàjèjì sí yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kí n tó lọ sí òmíràn, síbẹ̀ àyà mi já ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú lọ.

BIO 101 ni wọ́n fún mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lé ní 400 nínú gbọ̀ngàn tí kò yẹ kó gbà ju 250 lọ. Mo ti to gbogbo àwòrán mi sórí kọ̀ǹpútà, láìmọ̀ pé iná kò dé apá ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí máíìkì. Ṣọ́ọ̀kì ni mo kó sínú báàgì, pátákó funfun tí wọ́n ń fi máákà kọ ni mo bá lára ògiri. Ìbẹ̀rù wá sọ ọ̀rọ̀ mi di ìkánjú: ohun tí mo pín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti orí sẹ́ẹ̀lì títí dé orí bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ, ni mo dà sí wọn lórí láàárín 40 ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárúkọ ara mi. Mi ò tilẹ̀ kí wọn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo yá máákà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì, mo kọ orúkọ mi, mo sì padà sórí sẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, kì í ṣe ìmọ̀ ló já mi kulẹ̀. Ibẹ̀ ni mi ò mọ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹ lọ sí gbọ̀ngàn náà ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ dúró lẹ́yìn kí ẹnì kan sì sọ̀rọ̀ láti iwájú, kí ẹ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà aṣojú kíláàsì, torí òun ló mọ aago tí wọ́n ń dé ní ti gidi, tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ìwé. Ẹ má sì gbára lé ìwé tí ẹ fi kọ́ni níbi àtijọ́: àjọ NUC, tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, ló ń pèsè 70% ètò ẹ̀kọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi 30% tirẹ̀ kún un.

Ní ti àyà tó ń lù kì-kì-kì, èròjà adrenaline tó ń ti òkè kíndìnrín wọ inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á, kò sì ní pẹ́ rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ há sórí: ìkíni, orúkọ yín, àti ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn kí ẹ lè rí àyè mí. Àwọn kan á ní kí ẹ máa wo ògiri lókè orí wọn. Mi ò gba ìyẹn, torí ògiri kì í mi orí sí ohun tó bá yé e.

Ọmọkùnrin yẹn padà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lábẹ́ mi. Títí ó fi jáde, "Mà" nìkan ló ń pè mí. Kò fi orúkọ tó béèrè náà ṣe ohunkóhun.