Ìpakúpa tàbí ìpẹ̀yàrun: èwo ni kí n kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ ìròyìn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rwanda lọ́dún 1994 àti nípa àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa. “Ìpakúpa” ni mo kọ síbi gbogbo, àmọ́ olóòtú wa fagi lé e. Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Olóòtú yín ló jàre. Ìpakúpa ni kí wọ́n pa èèyàn rẹpẹtẹ láìṣàánú, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Ẹ wá tú ìpẹ̀yàrun wò: ì-pa-ẹ̀yà-run. Ẹ̀yà ló wà láàárín rẹ̀. Raphael Lemkin, amòfin Júù ọmọ Poland, ló ṣẹ̀dá genocide, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi èyí túmọ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1944. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń jẹ́ ìran, ó so ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ pípa mọ́ ọn.

Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948 kò ka iye òkú. Èrò ọkàn ló ń wò: ṣé wọ́n fẹ́ pa àwùjọ kan run, lódindi tàbí lápá kan, nítorí orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, ìran tàbí ẹ̀sìn wọn? Kódà, fífi ipá kó ọmọ wọn fún àwùjọ mìíràn wà lára rẹ̀. Ti Rwanda ti kọjá àríyànjiyàn: ilé ẹjọ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí rẹ̀ dá Jean-Paul Akayesu, tó jẹ́ olórí ìlú Taba nígbà náà, lẹ́bi ìpẹ̀yàrun lọ́dún 1998.

Ti àwọn Júù ló gba sùúrù jù. Holocaust, orúkọ tí wọ́n sábà ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́, níbi tí Bíbélì tiwa ti pè é ní “ẹbọ sísun”. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, ṣe ni mo gbé bírò sílẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 èèyàn ni wọ́n pa. Ta ni wọ́n fi wọ́n rúbọ sí? Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ Júù fi ń pè é ní Shoah, ìyẹn àjálù tàbí ìparun. Èyí tó bá wà nínú ìròyìn yín nínú orúkọ méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ìpẹ̀yàrun àwọn Júù.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu apànìyàn. Ní Rwanda, aáyán ni wọ́n ń pe àwọn Tutsi, ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ pa run, lórí rédíò. Bí ẹ bá ní láti kọ ọ́, ẹ fi àmì àyọlò sí i, kí ẹ sì sọ ẹni tó sọ ọ́. Bákan náà, ẹ má kọ ọ́ láé pé wọ́n “fọ” ìlú mọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀yà kan. Ìdọ̀tí là ń fọ. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n fipá lé wọn kúrò nílé wọn. Níbi tí ilé ẹjọ́ kò bá sì tíì dájọ́, ẹ kọ “ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun”, kí ẹ dárúkọ ẹni tó fi ẹ̀sùn náà kàn wọ́n.